Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sípíkà oníhọ́ọ̀nù: ibo ni kí n gbà wọlé?

Etígbọ́:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ sípíkà oníhọ́ọ̀nù, èyí tí ohùn rẹ̀ ń gba inú ẹnu tó là bíi ti fèrè jáde, nígbà àkọ́kọ́ láyé mi. Obìnrin kan ló ń kọrin, gìtá kan ṣoṣo ló tẹ̀lé e. Kí ó tó gbé ohùn, mo gbọ́ bó ṣe fa èémí sínú. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ní àwo orin yẹn, n ò gbọ́ èémí yẹn rí. Láti ọjọ́ náà ni sípíkà tèmi ti sú mi. Áńpù mi, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, onítúùbù ni (èyí tó ń lo gíláàsì tó ń gbóná bíi gílóòbù), wáàtì 8 péré. Yàrá mi fẹ̀ ní mítà 4, ó gùn ní mítà 5. Ṣé áńpù yìí á gbé e? Ṣé kí n sì ra èyí tó tóbi jù tí agbára mi bá ká?

Bàbá Túùbù:
Àbúrò, á gbé e dáadáa. Sípíkà àpótí tó wọ́pọ̀, tí a bá fún un ní wáàtì kan, tí a dúró sí mítà kan, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) bíi 87 ló máa ń mú jáde. Oníhọ́ọ̀nù gidi lè tó 100. Tí ọ̀kan bá fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 10 ju èkejì lọ, agbára ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Iṣẹ́ tí wáàtì 80 ń ṣe lára tìẹ, 8 á ṣe é níbí, á sì tún ṣẹ́kù.

Ti pé kó tóbi, dá ọwọ́ dúró ná. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń dá họ́ọ̀nù lágara. Ìgbì ohùn ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 50 Hz (tó ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) gùn tó nǹkan bíi mítà 7, ẹnu họ́ọ̀nù tó máa gbé e jáde gbọ́dọ̀ là gbàgà. Ìdí nìyí tí Paul Klipsch, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe sípíkà, fi ṣe sípíkà ńlá rẹ̀, Klipschorn, ní 1946 kó lè wọ igun yàrá: ògiri méjèèjì ló di ìyókù ẹnu rẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá wà ní igun tìrẹ, kò lè wọ ibẹ̀ nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni irú Heresy, sípíkà Klipsch tó kéré sí i: béèsì rẹ̀ wà nínú àpótí lásán, ohùn àárín àti ohùn òkè nìkan ló ń gba họ́ọ̀nù kọjá.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí: lọ́jọ́ tí mo so tèmi, n ò tíì fi orin sí i tí mo ti ń gbọ́ ṣììì láti orí àga mi. Mo rò pé ọjà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún mi. Áńpù mi ni. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, sípíkà àtijọ́ ni kò lè sọ ọ́ síta. Gbé áńpù rẹ dání lọ síbi tí o ti fẹ́ rà á, tàn án láìfi orin sí i, kí o jókòó sí mítà 3.

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Etígbọ́, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín kàn án, ẹ ṣọ́ra fún compression driver, ẹ̀rọ tó wà ní ìdí họ́ọ̀nù. Mo so ọ̀kan mọ́ áńpù tààrà, n ò fi kàpásítọ̀ sáàárín. Bí mo ṣe tan áńpù, ó dún "kọ́!" lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ títí láé. Nígbà tí mo tú u, awọ inú rẹ̀, tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ti ya láti etí kan dé èkejì. Kàpásítọ̀ ni kì í jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Etígbọ́:
Mo dúpẹ́ gidi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fi etí mọ́ sípíkà tí mo ní: ṣììì yẹn wà lóòótọ́, ti ọ̀tún pọ̀ ju ti òsì lọ. Ṣé túùbù ni kí n pààrọ̀?

Bàbá Túùbù:
Pa áńpù, yọ ọ́ lára iná, jẹ́ kó tutù. Gbé túùbù ọ̀tún sí òsì, kí o gbé ti òsì sí ọ̀tún. Tí ariwo bá bá túùbù lọ, túùbù ni. Tí ó bá dúró sí ọ̀tún, inú áńpù ló wà. Má tú u fúnra rẹ o, iná tó kù nínú rẹ̀ lè pa èèyàn kódà lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́.