Carbonyl iron nínú sílíkónì kò gbóná tó lórí ẹ̀rọ induction

kọ́ìlì_bàbà:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí. Sylgard 184 ni mo ń lò, ìyẹn sílíkónì olómi tí ooru ń mú tètè dì, 10 sí 1 èròjà tó ń mú un dì. Mo po carbonyl iron, lẹ́búlẹ́bú irin tó kúnná, tí fífẹ̀ ẹyọ rẹ̀ jẹ́ 5 µm (1000 µm ló di mm kan) mọ́ ọn, gíráàmù 85 sí gíráàmù 100 sílíkónì. Bọ́ọ̀dù ZVS oní-1000 W, tó ń rán iná mànàmáná tó ń yára yí padà sínú kọ́ìlì kí òòfà rẹ̀ lè mú irin gbóná, ni, nǹkan bí 100 kHz, inú kọ́ìlì rẹ̀ sì fẹ̀ tó 50 mm. 100°C ni mo ń wá, àmọ́ kò kọjá 45°C, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ṣé kí n fi kún irin ni, àbí kí n wá bọ́ọ̀dù tó lágbára jù báyìí lọ?

Arẹ́rọ:
Ẹ má fi kún irin, ẹ má sì tíì ra bọ́ọ̀dù. Ẹyọ irin yẹn ló kéré jù. Iná mànàmáná tó ń yí po nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú un gbóná, 5 µm kò sì fún un láàyè. Bí fífẹ̀ ẹyọ bá di ìlọ́po méjì, ooru tí ìwọ̀n irin kan náà ń mú wá á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 5 dé 50 µm, ìlọ́po 100 nìyẹn lórí ìwé. Bí ẹyọ bá wá tóbi gan-an, ẹ̀gbẹ́ ìta rẹ̀ nìkan ni iná á máa gbà, èrè náà á sì dín kù.

Ẹ wò ó: àpòpọ̀ yín ń fẹ́ nǹkan bí 184 joule fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Láti 30 dé 100°C, 13 kJ ni. Bí 50 watt péré bá wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ ti tó. Bọ́ọ̀dù kọ́ ló ṣaláìtó.

kọ́ìlì_bàbà:
Ẹ ṣeun. Ṣé 50 µm kò ní rì sísàlẹ̀?

Arẹ́rọ:
Á rì o. Bó ṣe ń gbóná náà ló ṣe ń rì: fífẹ̀ ìlọ́po méjì, eré ìlọ́po mẹ́rin. Nínú Sylgard 184 tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ẹyọ 50 µm kan lè lọ sílẹ̀ tó 1 cm ní wákàtí kan, nígbà tí 5 µm kò ju 0.1 mm lọ. Ooru tún máa ń mú sílíkónì ṣàn kó tó dì. Fumed silica, lẹ́búlẹ́bú tó kúnná gan-an, gíráàmù 2 nínú gíráàmù 100 sílíkónì, á mú un ki.

Magnetite, lẹ́búlẹ́bú dúdú tí irin àti oxygen para pọ̀ di, ni èmi ì bá mú. Òòfà inú rẹ̀ tó ń yí síwá sẹ́yìn ló ń gbé ooru jáde, kì í ṣe iná tó ń yí po, nítorí náà ẹyọ kékeré kì í ṣe àbùkù fún un. Àmọ́ ó fẹ́ òòfà tó le. Ẹ ká kọ́ìlì tó sún mọ́ abọ́ dáadáa. Àlàfo ńlá ń jẹ agbára.

Ìyá Lábù:
Kí lẹ fi wọn 45°C yẹn? Thermocouple, wáyà tí wọ́n fi ń wọn ooru, tó bá wà nínú kọ́ìlì máa ń gbóná fúnra rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á sì máa fò. Èyí tí wọ́n ń nà sí nǹkan láti òkèèrè kò rí jù ojú òkè lọ, ibẹ̀ ni atẹ́gùn sì ti ń tù ú, torí náà inú lè ti dì kí òkè ṣì máa lẹ̀. Ti fiber-optic, tó jẹ́ okùn gíláàsì dípò wáyà, ló dáa. Ẹ fi glass wool (òwú gíláàsì) bo abọ́.

Abọ́ alumíníọ̀mù kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀, òun gan-an ló máa gbóná. Gíláàsì tàbí Teflon ni.

Bó bá dé 100°C tó ṣì ń lẹ̀, ẹ wo ìbọ̀wọ́ yín. Imí ọjọ́ inú latex ń pa platinum tó ń mú un dì. Nitrile ni kẹ́ ẹ wọ̀. Sílíkónì oní-tánńganran (tin) náà ń bà á jẹ́. Kẹ́ ẹ sì yan lẹ́búlẹ́bú náà gbẹ ní 110°C kẹ́ ẹ tó pò ó, torí omi ara rẹ̀ ń bá sílíkónì yìí tú hydrogen jáde, ihò á kún inú rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, báwo ló ṣe nípọn tó? Bí kò bá ju 3 mm lọ, ẹ gbé e sínú ààrò ní 100°C fún ìṣẹ́jú 35, kẹ́ ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀ fún èyí tó nípọn.