Ìyọnípò, ìrọ̀lóyè, ìfẹ̀sùnkàn: ẹ̀ṣẹ̀ wo ló tó yọ gómìnà?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe impeachment ní Yorùbá, ìyẹn ọ̀nà tí ilé aṣòfin ń gbà fẹ̀sùn kan olórí ìjọba tàbí kó yọ ọ́ nípò, kí ni ká sì máa pe gross misconduct, ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin Nàìjíríà ní ó lè mú kí wọ́n yọ gómìnà tàbí ààrẹ. Àbá mẹ́ta ló ti jáde lórí ti àkọ́kọ́: ìyọnípò, ìrọ̀lóyè àti ìfẹ̀sùnkàn. Lórí ti ẹ̀ṣẹ̀ náà, "ìwà àìtọ́" ni ọ̀pọ̀ yín fara mọ́, torí òun làwọn oníròyìn ń lò. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi máa pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n yára yanjú ti orúkọ ná.

Ẹni tó dábàá ìfẹ̀sùnkàn, Amẹ́ríkà ló ń wò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́hùn-ún, ilé aṣojú-ṣòfin ló ń fẹ̀sùn kan ààrẹ, ilé aṣòfin àgbà ló ń gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n fẹ̀sùn kan Andrew Johnson ní 1868, Bill Clinton ní 1998, Donald Trump ní 2019 àti 2021. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ilé aṣòfin àgbà dá lẹ́bi. Ìbò kan péré ló yọ Johnson nínú ewu. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé wọ́n yọ Clinton nípò, irọ́ ló pa fún àwọn tó ń ka ìròyìn rẹ̀. Àmọ́ òfin ìpìlẹ̀ 1999 tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 143 tó dá lé ààrẹ àti abala 188 tó dá lé gómìnà, yíyọ kúrò nípò ni àwọn méjèèjì ń sọ. Abala 146 àti 191 ni ọ̀rọ̀ impeachment ti yọjú, níbi tí wọ́n ti ń ka ohun tó lè mú kí àga ṣófo, òun àti ikú àti ìkọ̀wé-fipò-sílẹ̀ nínú gbólóhùn kan náà. Ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹni náà ti lọ. Nítorí náà, ìyọnípò kò ṣì wá lọ́nà, bí a bá ti lè máa pe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní "ẹ̀sùn ìyọnípò". Ohun tó yẹ ká dẹ́kun ni pé kí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ síwèé, kí rédíò sì ti máa kéde pé wọ́n ti yọ gómìnà.

Ìrọ̀lóyè ni mi ò lè gbà. Ẹni tó joyè ni wọ́n ń rọ̀ lóyè. Ìbò ló gbé gómìnà wọlé, ọdún mẹ́rin sì ni ó máa lò kó tó tún padà wá tọrọ ìbò. Ẹ wo Rashidi Ládọjà, tí wọ́n ní àwọn yọ kúrò ní gómìnà Ọ̀yọ́ ní 2006, tó sì ti di Olúbàdàn láti 2025. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ lónìí pé wọ́n rọ Ládọjà lóyè rí, oyè wo ni òǹkàwé máa rò? Ẹ má sì gbàgbé pé gómìnà gan-an ló ń fọwọ́ síwèé bí wọ́n bá fẹ́ rọ ọba lóyè láyé òde òní. Ohun méjì tó jìnnà síra báyìí kò yẹ kó máa jẹ́ orúkọ kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fi bí wọ́n ṣe ń rọ Aláàfin lóyè ní Ọ̀yọ́ ilé ti ìrọ̀lóyè lẹ́yìn ṣe wá lóore, torí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè àgbà, bá ti pinnu pé Aláàfin kan ti sú àwọn, Baṣọ̀run, olórí wọn, ni yóò kó ọ̀rọ̀ náà tọ̀ ọ́ lọ: òrìṣà kọ̀ ọ́, ará ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọba yóò gbé igbá wò, yóò sì mọ ohun tó kàn, pé kí òun pa ara òun ni. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìgbà kankan nínú gbólóhùn yẹn tí wọ́n dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Kíkọ̀ ni wọ́n kọ̀ ọ́, ó parí. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá jẹ́ olóòótọ́, ìlú rí ìgbàlà. Bó bá jẹ́ Baṣọ̀run Gáà ńkọ́? Ọba ni Gáà ń fi jẹ, ọba náà ló sì ń kọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rí tirẹ̀ ṣe ní 1774. Títí dòní ni wọ́n ń sọ ọ́ pé bí o bá láyà kó o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kó o ṣòótọ́. Gbogbo ìkà Gáà, inú àyè tí kò sí orúkọ fún ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ló ti rí i ṣe.

Àyè yẹn ṣì wà nínú òfin tiwa. Gross misconduct ni òfin 1999 pe ẹ̀ṣẹ̀ tó lè yọ gómìnà, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni kí ènìyàn rú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè lọ́nà tó wúwo. Èkejì ni ìwà tó jẹ́ pé lójú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó tó gross misconduct. Ẹ tún un kà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ ara rẹ̀, wọ́n wá fi ojú ilé ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn tó bá sì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé lọ́wọ́ ló ni ojú yẹn.

A ti rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Balarabe Musa ti Kàdúná, gómìnà àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ nípò ní Nàìjíríà, ọmọ ẹgbẹ́ PRP ni, NPN ló sì pọ̀ jù nínú ilé aṣòfin rẹ̀. Wọn ò gba orúkọ àwọn tó fẹ́ fi ṣe kọmíṣánnà, òun náà ò gbà fún wọn, ni ó bá ń ṣèjọba láìní kọmíṣánnà. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 1981, ilé yọ ọ́. Ẹ bi ara yín: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, àbí ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú?

Ti Ọ̀yọ́ ní 2006 ló jẹ́ kí ilé ẹjọ́ sọ̀rọ̀ síta. Ọmọ ilé 32 ló wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀yọ́. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú méjì níbẹ̀, ó ju 21 lọ, èyí tó já sí pé ènìyàn 22 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn 18 ló ní àwọn ti yọ Ládọjà ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ti ṣe ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ìdájọ́ yẹn ní oṣù Kejìlá. Adájọ́ Niki Tobi kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí iye ènìyàn nìkan. Ó ṣàlàyé pé gómìnà náà ènìyàn ni, kò lè máa ṣe déédéé nígbà gbogbo, àti pé abala 188 kì í ṣe pàṣán tí aṣòfin yóò máa fi nà án lórí gbogbo àṣìṣe. Ìwà náà gbọ́dọ̀ wúwo. Ó wá ka díẹ̀ nínú ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀: kí gómìnà máa dá sí iṣẹ́ tí òfin gbé lé ilé aṣòfin tàbí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, kó máa ná owó ìlú lódì sí òfin, kó tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀, kó fọwọ́ kan owó ìjọba ìbílẹ̀, kó máa ti àwọn ológun láti wá gbàjọba.

Ẹ wá fi "ìwà àìtọ́" lé orí gbogbo ìyẹn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó gbé e. Ọmọdé tí kò kí àgbà, ìwà àìtọ́ ló hù. Òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìwà àìtọ́ náà ni. Ẹni tó bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ yọ gómìnà nítorí ìwà àìtọ́, ọ̀nà méjì ni ọkàn rẹ̀ lè gbà: kó ní ohun kékeré lásán ni wọ́n fi ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí kó gbà pé ohunkóhun tí aṣòfin kò bá fẹ́ ti tó. Méjèèjì ló ṣi ará ìlú lọ́nà. Bí wọ́n tilẹ̀ fi "tó burú jáì" ti í lẹ́yìn, ìwà àìtọ́ náà ló ṣì ń jẹ́.

"Ìwà ìbàjẹ́" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ owó àti obìnrin ni ọkàn ènìyàn máa ń lọ bá tí ó bá gbọ́ ọ. "Àṣemáṣe" ń tan ẹ̀bi kúrò lára ẹni. Ní ti "ìwà ọ̀daràn", ilé ẹjọ́ ló ń pe ènìyàn ní ọ̀daràn, gómìnà sì ní ààbò abala 308 níwọ̀n ìgbà tó bá wà lórí àlééfà, wọn ò lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹ rántí Alamieyeseigha ti Bayelsa: wọ́n mú un ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2005 lórí ẹ̀sùn owó, ó sá padà wálé, àfìgbà tí ilé aṣòfin yọ ọ́ ní oṣù Kejìlá kí ìjọba tó lè fọwọ́ òfin mú un níbí. Ìyọnípò tirẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún ẹjọ́ ọ̀daràn, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Kí gómìnà máa dá sí iṣẹ́ adájọ́, ó lè má sí ìyà ẹ̀wọ̀n fún un nínú ìwé òfin kankan, síbẹ̀ ó tó yọ ọ́.

Àbá tèmi ni ìdalẹ̀ ipò. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tí ìwọ àtòun jọ mulẹ̀ ni, tó wá yí padà sí ọ. Gómìnà búra kó tó jókòó sórí àga, nípa ìbúra yẹn ni òun àti ìlú fi mulẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo tó bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe wúwo, kò mọ sórí owó, kò dúró de kí adájọ́ kọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni lọ́daràn. Ó sì bá ohun tí Ọ̀yọ́ Mèsì ń sọ mu, torí ilẹ̀ tí wọ́n ní ó kọ ọba náà ni ọ̀dàlẹ̀ dà.

Ó tún ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyọnípò. Àìsàn kì í ṣe ìdalẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Yar'Adua wà lórí àìsàn ní 2010, àwọn kan ń pariwo pé kí wọ́n fi ẹ̀sùn yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òfin ti ya abala 144 sọ́tọ̀ fún àìlera, níbi tí àwọn mínísítà ti máa pinnu, tí oníṣègùn márùn-ún yóò sì yẹ ènìyàn wò. Àìmọ̀-ọ́n-ṣe náà kì í ṣe ìdalẹ̀. Ní 1787, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ òfin wọn, George Mason fẹ́ kí wọ́n fi àìmójútó ìjọba dáadáa kún ẹ̀ṣẹ̀ tó lè yọ ààrẹ. James Madison ní ọ̀rọ̀ yẹn ti fẹ̀ jù, pé ààrẹ yóò kàn máa wà nípò lábẹ́ ìfẹ́ inú aṣòfin ni. Wọ́n yí i padà. Àwọn náà jókòó jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan bí àwa ṣe ń jiyàn yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹnugan ilé aṣòfin: abala 92 kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ kankan, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé ti tó, bí wọ́n ṣe ṣe ní Èkó ní oṣù Kìíní 2025 kí abẹnugan náà tó padà sórí àga ní oṣù Kẹta. Fún irú ìyẹn, "ìfìbòyọ" ni mo máa lò, ká má bàa dà á pọ̀ mọ́ ti gómìnà.

Ẹnìkan ti sọ pé ìdalẹ̀ ti le jù, pé ó ń dá ènìyàn lẹ́bi kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Mo gba ẹ̀rù yẹn. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ "ẹ̀sùn" kò fi gbọdọ̀ kúrò níwájú rẹ̀ títí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ láti wádìí ẹ̀sùn náà bá fi parí iṣẹ́. Bí àwọn méje yẹn bá ní ẹ̀sùn kò fìdí múlẹ̀, òfin ní ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èkìtì ní 2006 fi hàn wá bí ó ṣe ń rí tí wọn ò bá fẹ́ kó parí: ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ kò dá Gómìnà Fáyóṣe lẹ́bi, ni ilé aṣòfin bá ní kí adájọ́ àgbà lọ rọ́kún nílé, wọ́n wá ẹlòmíì sí ipò rẹ̀, ìgbìmọ̀ tuntun sì gbé ẹ̀bi wá. Bí àwọn oníròyìn Yorùbá bá ń kọ "ẹ̀sùn ìdalẹ̀ ipò" láti ọjọ́ kìíní, ará ìlú yóò máa béèrè pé ilẹ̀ wo ni ẹni yìí dà, lọ́jọ́ wo, ta ló rí i. Kò sẹ́ni tó ń béèrè irú ìyẹn lórí ìwà àìtọ́.

Bí mo ṣe máa kọ ìtumọ̀ tó wà lópin abala 188 nìyí, kí ẹ bá mi tún un ṣe:

"Ìdalẹ̀ ipò ni kí ènìyàn rú òfin ìpìlẹ̀ yìí lọ́nà tó wúwo, tàbí kó hu ìwà tó jẹ́ pé, lójú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó tó ìdalẹ̀ ipò."

Mo yan "lójú ilé" dípò "ní èrò ilé", torí èrò lè wà láìsí ohun tí wọ́n rí, ojú ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ṣì ń rò ni "tó wúwo". Ṣé ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àbí "tó kọjá àforíjì"? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ilé ẹjọ́ túmọ̀ ìwé rí, ẹ dá sí i.