Ṣé "ìdíwọ́" ni gbogbo ohun tí ó ń ká adájọ́ lọ́wọ́ kò?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Nínú iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún èdè òfin tí a jọ ń ṣe, ọ̀kan nínú yín dábàá lánàá pé kí a máa pe òfin, ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá àti èrò àwọn ará ìlú ní "ìdíwọ́ adájọ́" lápapọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fara mọ́ ọn. Ní Ẹ̀pẹ́ tí mo ń gbé, bí koríko bá bo ojú ọ̀sà tí ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá, ìdíwọ́ la ń pè é. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọlọ́kọ̀ tí ó pe okùn tí ó fi so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté ní ìdíwọ́.

Irú okùn bẹ́ẹ̀ ni abala 294 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó ní kí ilé ẹjọ́ gbé ìdájọ́ kalẹ̀ láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí àwọn agbẹjọ́rò bá ti sọ àsọkágbá ọ̀rọ̀ wọn. "Ìkálọ́wọ́kò" ni mo fẹ́ kí a pè é. Àwọn baba wa náà ní tiwọn, àwọn tí wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Èrò ará ìlú ni ó le. Kò sí nínú ìwé òfin, síbẹ̀ ó ń wúwo lọ́rùn adájọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, kí ìdájọ́ ẹjọ́ ìbò ààrẹ tó jáde, àwọn kan gbé pátákó sí ìgboro Àbújá pé gbogbo ojú ń wo àwọn adájọ́, àjọ tí ń rí sí ìpolówó ọjà sì pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. "Ìfúngunmọ́" ni mo dábàá fún èyí, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń fúngun mọ́ ṣì lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1954, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ Brown pé yíya ọmọ dúdú àti ọmọ funfun sọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lòdì sí òfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ní gúúsù kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1955, tí àwọn adájọ́ náà ní láti sọ bí a ó ṣe mú un ṣẹ, wọn kò dá ọjọ́ kankan. Lójú tèmi, ìfúngunmọ́ náà kò yí ìdájọ́ padà, ìmúṣẹ rẹ̀ ni ó fà sẹ́yìn. Bí a bá pè é ní ìdíwọ́, yóò dà bí ẹni pé ìdájọ́ náà kò wáyé rárá. Bí a bá sì pè é ní ìkálọ́wọ́kò, a ti fún ìbínú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbára òfin nìyẹn.

Ó ku gbólóhùn "èrò ará ìlú" fúnra rẹ̀. Èrò a máa wà nínú ẹni tí kò lanu; ariwo nìkan ni ó ń dé etí adájọ́. Ǹjẹ́ "ohùn ìlú" kò ní tọ́ jù ú lọ?