Ìrírí wa pẹ̀lú máíkírówéèfù àti àwọn ohun èlò ilé tí à ń bẹ̀rù

Olóúnjẹ, Kábbà:

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kún o. Mo ń ta oúnjẹ nítòsí ọjà Kábbà. Láti ìgbà tí mo ti gbé máíkírówéèfù, ẹ̀rọ tí a fi ń mú oúnjẹ gbóná, wọ ṣọ́ọ̀bù ni àwọn oníbàárà kan ti ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bu májèlé fún wọn. “Ìyá, ẹ má gbé tèmi sínú ẹ̀rọ yẹn o, jẹjẹrẹ ló ń fà!” Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lóyún, ìyá ọkọ rẹ̀ sì fárígá pé kò gbọdọ̀ dúró níbi tí ẹ̀rọ náà bá wà, kí nǹkan má baà ṣe ọmọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó bá ti rí nǹkan pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ojú yín rí gan-an ni kí ẹ sọ, ẹ fi ti WhatsApp sílẹ̀.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ, Ìsánlú:

Ìyá, ẹ kú ọjà. Mò ń tún tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti máíkírówéèfù ṣe, tòkunbọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí ọkàn àbúrò wa tó lóyún kọ́kọ́ balẹ̀. Ìtànṣán inú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe irú ti X-ray tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn. Ìgbì rédíò ni, bó ṣe ń yára mì tó jẹ́ 2,450 megahertz, ti Wi-Fi kò sì jìnnà sí i. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju pé ó ń mi omi inú oúnjẹ lọ, mímì yẹn ló ń di ooru. Ní 1945, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Percy Spencer, ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ rédà, èyí tí wọ́n fi ń fi ìgbì rédíò wá ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi, ó sì rí i pé ṣokoléètì ti yọ́ sínú àpò òun. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ìdáná yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn, swíìṣì ara ilẹ̀kùn á gé iná, ìgbì náà á tán lójú ẹsẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lọ tí a bá pa gílóòbù. Kò sí èyí tó ń ṣẹ́kù sínú ìrẹsì.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí mo bá tú ilẹ̀kùn ẹ̀rọ yìí, mo máa ń pe oníbàárà kó wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn gíláàsì, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara rẹ̀, orí ìṣáná kò lè gba inú ọ̀kankan kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ jáde, ìyẹn la fi ń rí oúnjẹ bó ṣe ń yí nínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìgbì tó ń se oúnjẹ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 12, irú ihò bẹ́ẹ̀ kò gbà á. Láti 1971 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ohun tó bá jò jáde kò gbọdọ̀ ju mílíwáàtì 5 lọ lórí sẹ̀ntímítà kan níbùú lóròó, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ntímítà 5 sí ara ẹ̀rọ. Ẹni tó bá sún sẹ́yìn díẹ̀, èyí tó lè kàn án kò tó nǹkan mọ́.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí ni ilẹ̀kùn tó ti wọ́. Wọ́n á tò wọ́n lé ara wọn nínú kọ̀ńténà, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, híńjì ti yẹ̀. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá, okùn rọ́bà ló fi ń de ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe ti fi wáyà so swíìṣì pọ̀, kó lè máa ṣiṣẹ́ bí ilẹ̀kùn kò tilẹ̀ pa dé. Mo ní mi ò tún un ṣe. Ó bínú lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọwọ́ mi dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ padà sí ilé tí ọmọdé wà. Àwọn míì á ju fóònù sínú rẹ̀, wọ́n á pè é, tó bá dún, wọ́n á ní ẹ̀rọ ń jò. Fóònù ń gbọ́ ìgbì tó kéré gan-an, dídún rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Ilẹ̀kùn, híńjì àti etí ilẹ̀kùn ni kí ẹ máa yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tú u fúnra yín nílé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Agbára iná inú rẹ̀ ju 2,000 volt lọ, kapásítọ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná nínú ẹ̀rọ, sì lè mú un pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ó gbé ọmọṣẹ́ ẹgbẹ́ mi ṣánlẹ̀ lójú mi. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà:

Tèmi kò gùn. Àwo tí wọ́n pín níbi ìyàwó kan ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, tí wọ́n fi àwọ̀ góòlù yí etí rẹ̀ ká, ni ọmọ mi àgbà gbé sínú ẹ̀rọ. Iná ń ta pàrà pàrà yí etí àwo ká, àwọ̀ góòlù náà dúdú kanlẹ̀. Àwọn àwo òde tí ó ní góòlù tàbí fàdákà létí, kí ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀ o.

Nọ́ọ̀sì, Mọ̀pà:

Mi ò tíì rí aláìsàn tí ìtànṣán máíkírówéèfù ṣe léṣe rí. Àwọn tí ooru rẹ̀ bó lára ni mo ń rí. Bàbá kan gbé omi tíì sínú rẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù gíláàsì. Omi náà gbóná kọjá ìwọ̀n, kò hó, kò yọ fóòmù, ó pa rọ́rọ́. Bó ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ báyìí, omi fò sókè lu ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dúró díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹyin tí a kò tíì bó èèpo rẹ̀ náà lè bú. Ti wàrà ọmọ ló burú jù lójú mi: ara ìgò á lọ́ wọ́rọ́, àárín rẹ̀ á sì gbóná débi tó lè bó ọmọ lẹ́nu. Inú abọ́ omi gbígbóná ni kí ẹ gbé ìgò sí. Ìyá, ìrẹsì tó bá ti sùn, ẹ rò ó dáadáa láàárín, torí ẹ̀rọ náà kì í gbé ooru dé ibi gbogbo. Kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú nálọ́ọ̀nù kí ẹ tó gbé e sínú rẹ̀.

Aboyún tí wọ́n bá fẹ́ ya X-ray fún, kó tètè sọ pé òun lóyún. Ìyẹn ni ìtànṣán tó yẹ ká máa béèrè nípa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun èlò tó ń ba ilé jẹ́ ní àdúgbò wa yìí, tí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀, ni jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n monọ́ksáìdì, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Wọ́n gbé ìdílé kan wá bá wa lóru, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń bì, wọ́n rò pé ibà ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí nítorí olè, wọ́n sì ti gbogbo fèrèsé pa. Ọmọ wọn tó kéré jù kò yè é. Síta ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Bí orí bá sì ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ má wá oògùn ibà. Ẹ jáde síta kíákíá, ẹ gbé àwọn tó bá ti sùn jáde, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.