Báwo lẹ ṣe ń fún ọmọ JSS ní máàkì PHE (ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera)? Ṣé ẹni tó bá yára jù ló gbọ́dọ̀ gba jù?

Tísà_GáàÀkànbí:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tísà ẹgbẹ́ mi, ẹ sì kú oòrùn Ìlọrin yìí. JSS 1 àti JSS 2 ni mò ń kọ́ ní PHE, ọ̀rọ̀ máàkì ló gbé mi wá. Kíláàsì kan á máa lọ bíi àádọ́rin ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40, bọ́ọ̀lù tó ṣeé gbá ò ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n tó pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó dé pápá aago ti fẹ́ lù. C.A. wa, ìyẹn máàkì tí à ń kó jọ kí ìdánwò tó dé, jẹ́ 40, ìdánwò 60, orí bébà sì ni gbogbo ìdánwò yẹn. Wọ́n á ní kí ọmọ dárúkọ ohun èlò badminton, á kọ ọ́ pé pérépéré, kò sì tíì fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì rí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí práktíkà wọ inú 40 yẹn dáadáa.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ńṣe ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n sá 100 mítà, ẹni tó gba ipò kìíní kó 20, ẹni tó kẹ́yìn gba 5. Ọkàn mi ò gbà á. Ọmọ ọdún 11 kan wà ní JSS 1 tó ga jù mí lọ, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ò dé èjìká ẹ̀. Kí lọmọ kékeré yẹn ṣe tó fi máa gba 5? Àwọn ọmọbìnrin kan sì wà tí wọn ò ní sáré rárá tí ọkùnrin bá ń wò wọ́n, pàápàá àwọn tí hìjáàbù wọn gùn. Ààwẹ̀ náà tún máa ń bọ́ sínú táàmù kejì báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń ṣe ní tiyín? Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe gan-an o, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé.

Kóòṣì_Ọ̀fà:
Ọ̀gá, ẹ ti rí i. Bí ọmọ ṣe ń ṣe é ló yẹ ká fún ní máàkì, kì í ṣe bó ṣe yára tó. Ẹ mú rìléè, eré tí wọ́n ti ń gba igi lọ́wọ́ ara wọn, ohun mẹ́ta péré ni mo máa ń wò: ṣé ẹni tó fẹ́ gba igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí igi tó dé ọwọ́ ẹ̀, ṣé ó na ọwọ́ sẹ́yìn dáadáa láìmì, ṣé inú ibi tí a sàmì sí ni wọ́n ti gbà á. Mítà 30 ni ibi yẹn ní 4x100 àwọn àgbà, àmọ́ fún JSS èmi a máa fi eérú fa ìlà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yá lè gba gbogbo ẹ̀ tán, ẹni tó yára bí ẹtu sì lè pàdánù ẹ̀.

Ní ti àádọ́rin ọmọ, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ méje, kí àwọn kan máa fo okùn, kí àwọn kan máa ju iyanrìn tí wọ́n fi akísà dì, kí àwọn kan máa fò jìnnà, kẹ́ ẹ má sì fún gbogbo wọn ní máàkì lọ́jọ́ kan náà, ẹgbẹ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, táàmù ò ní parí kẹ́ ẹ tó yí wọn ká.

Ẹlòmíì á tún sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lo ìsáré ìṣẹ́jú 12 ti Kenneth Cooper. Dókítà ni, ọdún 1968 ló gbé e jáde, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ló sì fi ń dán wò. Ó dáa, àmọ́ kì í ṣe láti fi pín ipò fún ọmọ ọdún 11. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ ibi tí ọmọ sá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù sílẹ̀, ẹ tún ṣe é tó bá kù díẹ̀ kí táàmù parí, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lẹ máa fún ní máàkì. À ń fi Rashidi Yekini ọmọ Ìrá yangàn ní Kwara, òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní World Cup, 1994, ọjọ́ tí a kojú Bulgaria. Ó tọ́ ká yangàn. Àmọ́ PHE ò wà fún wíwá Yekini kan ṣoṣo, ti àwọn mọ́kàndínláàádọ́rin tó kù ńkọ́?

Ọmọ_ÒmùÀrán:
Kóòṣì, mo fara mọ́ ti rìléè yẹn gan-an, àmọ́ ti ìyàtọ̀ yẹn, ẹ rọra. Àwọn ọmọ yìí gbọ́n o. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ìyàtọ̀ lẹ ń wá, rírìn ni wọ́n máa rìn ní tàkọ́kọ́, wọ́n á wá sáré ní tìkẹyìn. Ẹni tó sì ti lágbára tẹ́lẹ̀, ibo ló fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ nínú táàmù kan? Èmi ò kí ń fún un ju 5 lọ nínú 40. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi ìka méjì wá ibi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn ọwọ́, kí wọ́n kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ṣáájú eré àti lẹ́yìn eré, kí wọ́n kọ ọ́ sí nótì, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tó mú kó yára. Àlàyé yẹn ni mò ń fún ní máàkì o, kì í ṣe iye tí wọ́n kà, torí ara ò dọ́gba.

Ìyá_Tánkẹ̀:
Ẹ má bínú, èmi kì í ṣe tísà, òbí ni mí. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ SS, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde inú ẹ̀jẹ̀, JSS 2 ló wà. Tísà kan níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ní kó sáré yí pápá ká nínú oòrùn bí àwọn yòókù, ojú ń ti ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn la sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òùngbẹ àti àṣejù lè dá ìrora ńlá sí irú wọn lára. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ báàgì lábẹ́ igi máńgòrò náà, ó máa ń sunkún tó bá délé. Kó ṣe é níwọ̀nba, kó máa sinmi láàárín, kó ní omi lọ́wọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwa òbí kí táàmù tó gbóná, kẹ́ ẹ mọ ẹni tó jẹ́ SS, ẹni tó ní ásímà, kí ìnhélà ẹ̀ wà nítòsí. Tó bá sì jẹ́ òun ló ń fi téèpù wọn ibi tí àwọn tó ń fò balẹ̀ sí, tó mọ̀ pé ojú àmì tó sún mọ́ pátákó tí wọ́n ń tẹ̀ fò jù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ṣé ìyẹn ò yẹ ní máàkì ni?

Tísà_Òkèlélé:
Ti ààwẹ̀ ò le. PHE ní apá ìlera, ìtọ́jú pàjáwìrì, oúnjẹ aṣaralóore, àrùn tó ń ràn, gbogbo ìyẹn ni mo máa ń kó sínú Ràmàdáánì, mo ti máa ń parí sísá àti fífò kó tó wọlé. Ẹ bá ẹni tó ń ṣe táìmútéébù sọ̀rọ̀ kó gbé PHE sí àárọ̀, oòrùn Ìlọrin nínú oṣù kẹta kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní ẹgbẹ́ tiwọn, kí wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn, kí wọ́n ki etí hìjáàbù bọ inú aṣọ eré, tí tísà obìnrin bá lè dúró tì wọ́n ó tún dáa sí i. Wọ́n máa sá. Ojú ló ń tì wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Tísà_GáàÀkànbí:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá wa ní Tánkẹ̀, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, fọ́ọ̀mù àwọn òbí ni máa kọ́kọ́ ṣe. Bí mo ṣe ń rò ó báyìí: 15 fún bí ọmọ ṣe ń ṣe é, 5 fún ìtẹ̀síwájú, 10 fún nótì àti àlàyé, 10 fún tẹ́ẹ̀sì, ẹni tó ń fi téèpù wọ̀n tàbí tó ń di aago mú á gba tiẹ̀ nínú 15 yẹn. Kóòṣì, báwo lẹ ṣe ń kọ ohun mẹ́ta yẹn sílẹ̀ lórí pápá tí ẹni tó ń sáré ò fi ní kọjá lójú yín?

Kóòṣì_Ọ̀fà:
Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ láti ilé, kẹ́ ẹ fa ìlà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tó bá ṣe é ẹ fi àmì sí i, tí ò bá ṣe é ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Mi ò kí ń kọ nọ́ńbà lórí pápá rárá, ilé ni mo ti ń ṣírò. Kí ọmọ kan dúró tì yín kó máa pe orúkọ ẹni tó kàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ̀yin á máa wò.