Àwòrán Màmá tíṣà: a ti rí i o

Ẹ kú àdúrótì gbogbo yín. Àwòrán Màmá wa lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí mo ní kí ẹ bá wa wá kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé, ti jáde. Baba kan tí Màmá kọ́ ní kékeré, ní Òkè Elérin níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé e wá. Màmá dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, wọ́n pọn ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn, ó ń sùn fọnfọn. (Ọ̀gá ilé ìwé wọn mà gbà bẹ́ẹ̀ o!) Ọdún 1955, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ni Màmá wọṣẹ́, ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ nígbà náà. Wọ́n gbó, wọ́n tọ́, wọ́n rí ọmọ-ọmọ-ọmọ. A ti sin wọ́n. Ẹ má wulẹ̀ wá àwòrán mọ́, ẹ ṣeun gan-an.