Kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe òjóró nínú géèmù ogun: báwo lẹ ṣe ń rí i?

Ọmọ Tánkẹ̀:
Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Géèmù ogun Age of Empires II DE (AoE II DE) àti Civilization VI (Civ) ni mò ń ta lórí kọ̀ǹpútà. Tí mo bá fi Civ sí Prince (ìpele àárín), ó rọ̀ jù. Tí mo bá gbé e sí Deity (ìpele tó le jù), òjóró pọ́ńbélé. Báwo ni mo ṣe lè rí ìjà gidi láì fi dátà wá ẹni tá a jọ máa ta?

Ìyèrú Ọ̀kín:
Àbúrò, AoE II DE kì í ṣe òjóró. Extreme, ìpele tó le jù níbẹ̀, kì í gba oúnjẹ tàbí igi ọ̀fẹ́. AI (ọ̀tá tí kọ̀ǹpútà ń darí) ti 1999 tó ṣì wà níbẹ̀ ló ń gba ọ̀fẹ́, torí náà wo AI tó o yàn kó o tó bẹ̀rẹ̀. Má ta á ní máàpù Black Forest: igbó ti dí ọ̀nà fún ẹ, ògiri díẹ̀ ló kù, AI á kàn máa kó ọmọ ogun wá kú síbẹ̀. Arabia, máàpù tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ni kó o lò. Tó bá ṣì rọ̀, kó Extreme méjì sí ẹgbẹ́ kan, kó o tẹ Lock Teams kí wọ́n má lè kúrò lẹ́gbẹ́.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ní Deity ti Civ, Settler (àwọn tó ń tẹ ìlú dó) mẹ́ta ni AI kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀, ìwọ ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń le níbẹ̀rẹ̀. Tó o bá ti lé wọn bá, ó tán, torí AI ò mọ ìlú olódi gbà. Fi sí Emperor (ìpele méjì sísàlẹ̀ Deity), kó o wá de ara ẹ lọ́wọ́: má ta Luxury (ọjà olówó iyebíye) fún wọn (góòlù wọn lo fi ń ra ọmọ ogun tó ń lù wọ́n!), má sì padà síbi tó o fi géèmù pamọ́ sí tí ogun bá bàjẹ́. Máàpù Standard, orílẹ̀-èdè 8 ló máa ń wà níbẹ̀. Fi 10 sí i kí ilẹ̀ fún.

Bàbá Àjàṣẹ́:
AI mọ ilé ṣọ́ ju ìkọlù lọ. Kí ẹlẹ́ṣin, ẹlẹ́sẹ̀ àti àgbá dé ojú ogun lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ló ti ń tú u lọ́wọ́. Torí náà, ìwọ ni kó o máa kọlù ú, níbi tí turn (iye ìgbà tó kàn ọ́ láti ta) ti níye. Unity of Command II dára fún èyí: tó o bá sáré wọlé láì fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ẹ̀yìn, AI á já ọ̀nà oúnjẹ ẹ, ọmọ ogun ẹ á sì rọ. Ní géèmù Combat Mission, ẹni tó ṣe scenario (ìjà tó o fẹ́ jà) ló kọ ète AI sílẹ̀. Ka àlàyé rẹ̀, ó máa ń sọ ẹgbẹ́ tó yẹ kó o mú. Tó bá jẹ́ ẹṣin lo ní, má yan máàpù onígbó. Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin ẹ má bínú o, ẹ ṣáà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlẹ́ṣin yín l'Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun yín.

Ọmọ Tánkẹ̀:
Háà, Bàbá! Ẹ ṣeun. Géèmù Europa Universalis IV (EU4) ńkọ́? Ọ̀yọ́ ni mo fẹ́ mú.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Wo Lucky Nations (àwọn orílẹ̀-èdè AI tí géèmù ń ràn lọ́wọ́) kó o tó bẹ̀rẹ̀. Historical á máa ti Ottoman lẹ́yìn. Random ló dùn jù, o ò ní mọ ẹni tó máa lágbára. Tí o ò bá fẹ́ kí géèmù ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, pa Lucky Nations náà.